Ta Ni Yóò Máa Gba Sàráà Wa Báyìí?

Campama, Banjul,
Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀.

Yésúfù ọmọ mi, Àkànjí,

Báwo ni Èkó, báwo ni ìwé kíkà, ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń kírun? Ọlọ́run tó gbé ọ gun ọkọ̀ ojú omi láti ọ̀dọ̀ wa tí ọkọ̀ kò fi rì, òun náà ni yóò bá ọ jókòó nínú ìdánwò. Ohun tí olùkọ́ bá fi ẹnu sọ, etí rẹ kò ní jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Àmín.

Èmi ni mo ń fi ẹnu sọ lẹ́tà yìí, Jìbírílù àbúrò rẹ ló ń fi ọwọ́ kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má yọ ọ̀kankan kúrò. Bàbá rẹ ń kí ọ. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n omi ṣì wà ní ọ̀nà ilé wa, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ará ilé kejì sì ti sọ ẹnu ọ̀nà wa di tiwọn, a máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ká tó jáde.

A rí lẹ́tà rẹ gbà. Ibi tí o ti sọ pé o fẹ́ fi yunifásítì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ sílẹ̀, kí o lọ wáṣẹ́, nítorí pé ò ń ronú ẹni tí yóò máa bọ́ Jìbírílù tí èmi àti bàbá rẹ bá kú, bàbá rẹ kà á tán, kò lè jẹun mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tètè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé fún ọ, kí o tó ṣe ohun tí kò ní ṣeé tún ṣe.

Nígbà tí ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan wá sílé wa, Haddy ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Aku ni, àwọn tí baba ńlá wọn ti Sàró wá. Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò ju àkàrà àti sàráà lọ, Krio, èdè Sàró, ni gbogbo ìyókù, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí mi, mo ní ẹni yìí ní ilé tó ti jáde. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa bá àwọn aláàbọ̀ ara wáṣẹ́. Ó bi mí pé kí ni Jìbírílù lè ṣe. Mo ní kò lè dìde láìsí ọ̀pá abẹ́ abíyá rẹ̀ méjèèjì, kò lè ru ẹrù, kò lè sáré tí òjò bá ń bọ̀. Ó ní kì í ṣe ohun tí òun béèrè nìyẹn. Mo wá ronú, mo ní ó gbọ́ Wolof, ó gbọ́ Mandinka, ó gbọ́ Krio, nítorí pé gbogbo ayé ló ń gba iwájú ibi tó máa ń jókòó sí kọjá, tí ènìyàn bá sì wúkọ́ lẹ́yìn ògiri, yóò dárúkọ ẹni náà.

Inú rẹ̀ dùn. Ó fa téèpù jáde bíi ti télọ̀, ó wọn ọmọ náà láti ìdí dé ilẹ̀, ó wọn gígùn apá rẹ̀, ó tilẹ̀ wọn bí ọ̀pá rẹ̀ ṣe máa ń fẹ̀ tó tó bá ń rìn. Mo ní aṣọ ọdún ti dé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wọn èmi náà, mo sì sọ fún un pé aláwọ̀ ewé ló máa ń yẹ mí. Kò bá mi jiyàn, ó wọ̀n mí. Yésúfù, aṣọ kò dé o. Àṣé káfíńtà ló kó ìwọ̀n náà fún! Wọ́n gé tábìlì ìtajà kan kúrú ní ṣọ́ọ̀bù Ousman, ẹni tó ń ta ọ̀dà, ìṣó àti àtùpà lẹ́bàá ọjà, wọ́n sì tẹ́ pákó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀ kí ọ̀pá má baà kọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti mú ọmọ yìí ní kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ń wá bí a ó ṣe tún ṣe. N kò rí ẹni tó ronú láti tún tábìlì ṣe rí.

Ousman ní òun gbà á títí di ọjọ́ ọdún ná, kí òun fi wò ó. Ni Ebrima ará ilé wa bá ń fi ọmọlanke tì í gba inú omi kọjá láràárọ̀, tí yóò máa kígbe pé ọ̀gá ń kọjá, kí pẹ́pẹ́yẹ yà lọ́nà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa tajà, kó sì máa dá tẹlifóònù lóhùn. Mo lọ wò ó níbẹ̀. Nǹkan náà ké, ó gbé e sétí, ó sì jókòó gbagidi sórí àga, ó ń bá àgbàlagbà ọkùnrin sọ̀rọ̀! Mo gbọ́ ohùn ẹni náà, ó ju bàbá rẹ lọ. Mo ní kó kí i bó ṣe yẹ, ó ní ẹni náà kò rí òun. Mo ní ṣé torí pé wọn kò rí i ló ṣe máa ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Níwọ̀n bí kò ti lè dọ̀bálẹ̀, èmi bá a kúnlẹ̀ níwájú tẹlifóònù náà. Ọkùnrin yẹn ra ọ̀dà púpọ̀ lọ́jọ́ náà, ó dá mi lójú pé ó mọ̀ pé a kúnlẹ̀. Jìbírílù ní kí n yọ èyí kúrò nínú lẹ́tà, mo ní kó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀ràn dé. Ìwọ náà mọ ìlú yìí. Ẹni tó bá lálàá burúkú tàbí tó fẹ́ rìnrìn àjò, àlùfáà yóò ní kó lọ fún arọ tàbí afọ́jú ní àbẹ́là tàbí ṣúgà tàbí obì funfun. Àwọn tó ti ń gbé tiwọn wá bá Jìbírílù láti kékeré wá a délé, wọn kò bá a, ni wọ́n bá tọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kumba ẹlẹ́ja, ará New Town, ló ṣíwájú pẹ̀lú àbẹ́là. Wọ́n tò dé ìta, wọ́n ń na ọwọ́ fún àdúà, ẹni tó fẹ́ ra ìṣó kò rí ọ̀nà wọlé. Ní tèmi, inú mi dùn, mo gbé àpò lọ. Mo rò pé wọ́n fi kún owó iṣẹ́ rẹ̀ ni, mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ousman. Nígbà tí ti Jímọ́ọ̀ kejì tún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Ousman ní ṣọ́ọ̀bù òun kì í ṣe ẹnu ọ̀nà mọ́sáláásí, tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ títí di ọdún, kí Jìbírílù padà sílé.

Mo sáré lọ bá Haddy. Mo ní iṣẹ́ tó ń ṣe yìí dára, ṣùgbọ́n ṣé ó ti rò ó délẹ̀? Tó bá wáṣẹ́ fún gbogbo arọ àti afọ́jú Banjul tán, ta ni yóò máa gba sàráà wa? Níbo ni ẹni tó lálàá burúkú yóò gbé àbẹ́là rẹ̀ lọ? Haddy yọ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní òun lè lọ lé àwọn ènìyàn náà, ṣùgbọ́n ṣé ẹnikẹ́ni ti bi Jìbírílù ohun tó fẹ́? A kò tíì bi í. Nígbà tí a bi í, ó ní kí a má lé wọn, ire ni wọ́n ń rò sí òun, kí a ní sùúrù di ọjọ́ tí ààwẹ̀ yóò parí.

Nígbà tí ọ̀la máa jẹ́ ọdún, Ousman sanwó fún un. Kò mú un wálé. Ó bù nínú rẹ̀ ra ìrẹsì, ó ní kí Ebrima gbé e sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó tì í níṣojú mi pẹ̀lú abọ́ òṣùwọ̀n, ó ń yọ jàká, ìrẹsì tí ẹni tó bá ní gbọ́dọ̀ fún aláìní kí wọ́n tó kírun ọdún. Ó yọ ti ara rẹ̀, ó yọ tèmi àti ti bàbá rẹ. Láti kékeré rẹ̀, jàká ẹlòmíràn ló máa ń wọlé tọ̀ ọ́ wá, kò sí èyí tó tọwọ́ rẹ̀ jáde rí. Ó ń wọ̀n ọ́n fún Isatou opó lọ́wọ́ ni Kumba dé pẹ̀lú àbẹ́là. Kumba wo àbẹ́là, ó wo ìrẹsì, kò mọ̀ bóyá kí òun fún un ni tàbí kí òun gbà. Ó ní ṣé kì í ṣe arọ Campama ni. Jìbírílù ní òun ni, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lèmọ́mù kan tó ń kọjá lọ sì sọ fún Kumba pé ẹni tó ń yọ jàká kọ́ là ń gbé sàráà fún, kó wá ẹni tó ṣe aláìní. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn gbọ́.

Kumba wá ní òun kúkú ti dé ibí, èló ni gíláàsì àtùpà? Jìbírílù dá iye kan. Kumba pòṣé, ó ní olè ni, ó ní ṣé nítorí pé ó ti níṣẹ́ ló ṣe fẹ́ pa òun. Jìbírílù ní kó lọ fi ẹja rẹ̀ bo iná àtùpà nígbà náà. Wọ́n ná an títí ọ̀fun fi gbẹ àwọn méjèèjì. Ọmọ mi, ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Láti ọjọ́ tí Kumba ti ń fún un ní àbẹ́là, kò bú u rí. Ousman náà ń gbọ́ wọn láti inú ilé. Ó jáde, ó ní tí ọdún bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí Jìbírílù máa bọ̀, àga náà ti di tirẹ̀.

Nítorí náà, má fi ìwé sílẹ̀. Bébà kan wà nínú lẹ́tà yìí, Jìbírílù ló fi ìyókù owó iṣẹ́ rẹ̀ rà á ní pósófíìsì, wọ́n ní ti Èkó yóò sọ ọ́ dowó fún ọ. Mo bẹ ọkùnrin ibẹ̀ kó kúkú fi owó gan-an sínú rẹ̀, ó ní bébà náà lowó. Mo ní èwo ni èyí tó kó sínú dúrọ́ọ̀ nígbà náà? Tí bébà náà bá kọ̀ tí kò dowó, tètè kọ̀wé, mo mọ ojú ọkùnrin náà.

Jìbírílù tún ní kí n má béèrè owó lọ́wọ́ rẹ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní tí n kò bá béèrè owó, Yésúfù yóò rò pé mo ti kú, pé ẹlòmíràn ló kọ lẹ́tà. Nítorí náà, tí bébà bá ti dowó, bù díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ padà sí mi, kí n fi ra aṣọ aláwọ̀ ewé, nítorí Haddy ti wọ̀n mí, kò yẹ kí ìwọ̀n náà ṣòfò.

Ọlọ́run yóò ṣí ọpọlọ rẹ. O kò ní pàdánù wa, àwa náà kò ní pàdánù rẹ. Èrè ìwé yìí yóò ṣojú ẹ̀mí mi àti ti bàbá rẹ.

Ó ku ohun kan. Jìbírílù ní kí n sọ fún ọ pé sàráà ni owó náà, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó jìnnà sílé wà lára àwọn tó tọ́ sí. Má kọ̀ ọ́, má sì tijú. Ṣé o rántí bí òun náà ṣe máa ń gbà á? Na ọwọ́ méjèèjì, gbé e kan iwájú orí rẹ, kí o ṣàdúà fún ẹni tó fún ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Mùtíàt.