Yẹtí Ìyá Rẹ Wà Nínú Àpò Lẹ́tà Yìí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kí Ó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, atẹ́gùn sì ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé bíírò.

Tíṣà tó múlé ti wa fi àwòrán tí o fi ránṣẹ́ hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò! O ní wúrà ni, pé níbi iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì yín, ẹ sọ ọ́ di kékeré títí ojú ò fi rí i mọ́, ló bá pa àwọ̀ dà. Mo fi etí aṣọ mi nu fóònù náà bóyá ìdọ̀tí ni, mo nù ún títí tíṣà fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bó fóònù òun.

Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo ti ń rọ wúrà. Mo ti yọ́ ọ, mo ti họ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, kò pupa bẹ́ẹ̀ rí, àfi tí wọ́n bá po bàbà mọ́ ọn. Ẹnìkan ti pààrọ̀ wúrà mọ́ ọ lọ́wọ́! Lọ́jọ́ tí ọ̀gá yín bá sì bèèrè rẹ̀, ìwọ ni wọn ó pè lólè. Ẹ̀rù ń bà mí.

Máa gbá ilẹ̀ ibi iṣẹ́ yín láràárọ̀, má da ìdọ̀tí rẹ̀ nù. Jó èkísà tí o fi ń nuwọ́, kí o sì sẹ́ lẹ́búlẹ́bú wúrà kúrò nínú eérú rẹ̀, nítorí inú irú eérú bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Jọ̀ọ́, má sín nítòsí ìgò yẹn.

Ìyá rẹ ti bọ́ yẹtí etí ọ̀tún rẹ̀, èyí tí mo rọ fún un nígbà tí a ń fẹ́ra sọ́nà. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi yẹtí ṣe bí wọ́n bá ń pe ọmọ òun lólè. Kò sí bàbà nínú rẹ̀. Gbé e fún ọ̀gá yín kí wọ́n tó bèèrè.

Tíṣà ní kò sí olè níbẹ̀, pé ohun tó bá kéré jọjọ a máa ní ìwà tirẹ̀. Mo rántí ìwọ náà nígbà tí o kéré, mo sì rẹ́rìn-ín.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún páànù àti awò ojú, ojú mi ò gbé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ mọ́. Ọwọ́ rẹ tó ń wá ohun tójú ò rí kò ní í bá àbùkù pàdé.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni tíṣà sọ, má fi yẹtí náà rán ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ní ìwọ lo máa fi í sí etí òun padà. Ọdún kẹta rèé tí a ti rí ọ kẹ́yìn, ihò etí sì máa ń dí.

Èmi ni bàbá rẹ.