Ewé Ìlà Kẹrin Ń Pọ́n

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ewé ọsàn ìlà kẹrin ń pọ́n. Àwọn ìlà tó kù náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn, ṣùgbọ́n kẹrin ló ń já mi láyà jù. Ọdún kẹta rèé tí mi ò ti da ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sí ilẹ̀ yìí. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni Onígò ń bọ̀ – ọ̀gá tó máa ń bu erùpẹ̀ sínú ìgò lọ yẹ̀ wò. Bó bá fọwọ́ sí i, a ó gba ìwé ẹ̀rí oko tí kì í lo kẹ́míkà. Bí kẹ́míkà bá wà níbẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́ta mìíràn. Mẹ́ta! Orí mi ò ní gbà fún un.

Ọjọ́rú, 5
Bàámi yọjú sóko. Àwọn ló gbin gbogbo igi yìí. Wọ́n fọwọ́ pa ewé kan, wọ́n ní ebi ń pa àwọn ọmọ àwọn, mo sì ń wò wọ́n níran. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ẹ̀wà tí mo gbìn sáàárín igi á sọ ilẹ̀ jí tí mo bá gé e mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́.


Sátidé, 8
Gé ẹ̀wà mọ́lẹ̀, gbogbo ìlà. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ìgbẹ́ adìyẹ tí mo kó jọ kó lè jẹrà ṣì gbóná nínú – bí mo bá dà á sídìí igi báyìí, á jó gbòǹgbò. Mo bò ó padà.
Àpò ajílẹ̀ oníkẹ́míkà àtijọ́ kan ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn àká. Ó yẹ kí n ti gbé e fún ẹlòmíì látọdún kìíní. Ẹ̀rù ni ò jẹ́. Mo ní bó bá burú tán, ó ṣáà wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 11
Òjò. Mi ò yọjú sóko.

Àìkú, 23
Ìlà kẹrin ti tutù yọ̀yọ̀! Mo fò sókè bí ọmọdé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé oko tí Onígò máa wò: ẹ̀wà ló ṣe é.
Ìlà karùn-ún wá ńkọ́? Ẹ̀wà kan náà. Ó ṣì pọ́n. Mi ò fẹ́ rò ó.

Ọjọ́bọ̀, 27
Mo lọ gbá àká. Àpò ò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bá gba ilé lọ.
Bàámi wà lórí àga níwájú ilé, ẹ̀rín lẹ́nu wọn. Mi ò tíì béèrè tí wọ́n fi sọ ọ́: ọjọ́ òjò yẹn ni wọ́n bù ú sídìí igi, agolo kan igi kan. Ìlà kan ṣoṣo ló kárí. Wọ́n ò sọ fún mi kí inú mi lè dùn lójijì. "Ṣé o rí ewé?"
Mo ní mo rí i, Bàámi. Ẹ ṣé.
Ta ni mo fẹ́ bú? Èmi ni mo tọ́jú àpò.
Ọ̀la ni Onígò ń bọ̀. Mo lè dákẹ́, bóyá erùpẹ̀ ìlà kejì ló máa bù. Mo ṣí ìwé oko, mo fagi lé ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mo kọ: 11 Oṣù Kẹta, ìlà kẹrin, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, àpò kan. Ààyè wà níbẹ̀ fún orúkọ ẹni tó dà á.
Mo kọ tèmi.