Ooru Abẹ́ Ìró Yín

Ìyá mi ọ̀wọ́n, arẹwà oníṣu ọjà Ìpàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́hun á fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Bàbá náà ti dùbúlẹ̀ báyìí. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá ọ̀tún lẹ́yìn Iléyá, wọn ò lè dá yíra padà, èmi ni mo sì ń tọ́jú wọn.

Inú ń bí mi sí yín, Ìyá mi. Ẹ foríjì mí, ṣùgbọ́n ó ń bí mi. Láti ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ti gbá yín tí ẹsẹ̀ yín méjèèjì ò gbọ́ràn mọ́, ẹ ń jẹ́ kí n bọ́ yín, ẹ ń jẹ́ kí n gé èékánná yín, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi bá ti fẹ́ kan ìró, ojú yín á le. Ọmọkùnrin kì í wo ìhòòhò ìyá rẹ̀. Mo gbà. Àbúrò yín tó ń wá wẹ̀ yín láti Màlété ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò fi jẹ́ kí òun náà ṣí ìró yín?

Tùràrí tí ẹ ń sun ṣáá nígbà náà, mo rò pé fàájì ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fín lọ́fínńdà lọ ta iṣu nínú eruku! Àṣé òórùn egbò lẹ fi ń bò. Nígbà tí a máa fi rí i, ó ti jinlẹ̀ dé egungun. Háà, Ìyá mi! Ṣé ìtìjú wá tó ẹ̀mí ni?

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo Bàbá ló kọ́ mi pé egbò tí ìdùbúlẹ̀ lójú kan ń fà máa ń ránṣẹ́ kó tó dé. Lára aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, kì í sábà pọ́n. Ibi tí egungun ti fara ti ibùsùn ló máa ń gbóná, tàbí kó le, tàbí kó dú ju àyíká rẹ̀ lọ. Bí a bá ti bá ooru níbẹ̀, a ò gbọdọ̀ fi ibẹ̀ sùn mọ́, a ò sì gbọdọ̀ fi òrí ra á. Ẹ̀yìn ọwọ́ lásán la fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣé ohun tí ì bá dá yín sí nìyẹn?

Bàbá kọ̀ kí n yẹ̀ wọ́n wò lákọ̀ọ́kọ́. Alágídí ni wọ́n, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di jàlàbíyà wọn mú pinpin. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún níwájú wọn bí ọmọdé, mo sì dárúkọ yín.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn àsùbáà, wọ́n ká jàlàbíyà náà sókè fúnra wọn, mo yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bèbèrè ìdí wọn. Ó tutù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n n ò tètè gbé ọwọ́ náà kúrò, Ìyá mi. Ara yín ni mo ń wá níbẹ̀.

Èmi ni, àbíkẹ́yìn yín tó ń ṣàárò yín.