Oòrùn Wọ̀ Lójú Àbàtà, Kíkẹ́ Kò sì Dáhùn

Arcella, Padova,
Oṣù Kọkànlá, ọdún 1997.

Babáwálé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Adùnọlá ìyàwó wa, mo kí Testimony. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdùbúlẹ̀ ire àti ìdìde ire, kí ikọ́ ọmọ yẹn ti fi í sílẹ̀, kí iṣẹ́ irin tí ò ń ṣe ní Brescia má sì gba gbogbo agbára rẹ. Ara tèmi le, àfi ohùn mi tó há. Ohun tó mú kó há ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ sí ọ.

O ní ìwọ àti àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín ń lọ sí àbàtà ẹ̀bá adágún Iseo ní Sátidé tó ń bọ̀, láti ya fọ́tò oòrùn tó ń wọ̀ fún kàlẹ́ńdà ọdún tuntun. O ní kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yà á. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní àbàtà. Àbàtà ni ilẹ̀ tí omi kò fi sílẹ̀ pátápátá, tí kò sì bò pátápátá. Lónìí o lè rìn lórí rẹ̀, lọ́la ẹja ló máa wà níbẹ̀. Tiwa níbí wà létí ọ̀sà, omi òkun ń wọ inú rẹ̀ ó sì ń fà padà lójoojúmọ́. Tiyín kò ní omi òkun, ṣùgbọ́n àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ láyé àtijọ́ ti kún, koríko sì ti bo ojú òmíràn. Méjèèjì jọra ní ohun kan: tí ìmọ́lẹ̀ bá ti lọ, ojú nìkan kò lè sọ fún ọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ fẹ́ tẹ̀.

Ní ti àwòrán, kò le. Má fi kámẹ́rà wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀, nítorí yóò rò pé gbogbo ayé ló mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò sì sọ omi di dúdú bí èédú. Yí i sí ojú ọ̀run lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn, wọn ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, ti ìwọ̀n náà pa kó má baà yí, kí o tó yí padà sí ibi tí o fẹ́ yà. Gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí o sì ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ dáadáa. Ya ọ̀kan bí kámẹ́rà ṣe wí, ya ọ̀kan kó ṣókùnkùn díẹ̀ sí i, ya ọ̀kan kó mọ́ díẹ̀ sí i. Àwọn tí kò mọṣẹ́ máa ń kó ẹrù wọn nígbà tí oòrùn bá wọ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni àwọ̀ tó dára jù ń jáde. Àwọ̀ yẹn ló dá Kíkẹ́ dúró.

O mọ Kíkẹ́. Òun ni ọmọbìnrin tó ń tọ́jú màmá àgbàlagbà tó ń gbé òkè ilé mi, òun ló fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà Àjíǹde pé ò ń sọ Ìtálì bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà ní Òkè-Ihò. Láti ìgbà ooru ló ti ń tẹ̀ lé mi kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró ju ti ọ̀pọ̀ tó kàwé rẹ̀ lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, a wọ corriera, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìgbèríko, lọ sí ìsàlẹ̀ Codevigo. Àwọn onímọ̀ ewéko tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ àwòrán àbàtà ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ti ń lọ sílẹ̀ máa ń dán lórí omi, kì í dán lórí ẹrẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo á fi hàn wọ́n ibi tí omi ti ń jẹ ilẹ̀. Èmi dúró lórí argine, ìyẹn òkìtì gígùn tí wọ́n mọ láti dá omi dúró. Kíkẹ́ gba ọ̀nà tóóró kan, bí orí ebè, lọ sí ìdí ahéré apẹja kan tó wà láàárín àbàtà, kí àwa méjèèjì lè ya ibì kan náà láti ọ̀nà méjì. Ìwé tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí omi ń wọlé sọ pé ilẹ̀ á ti ṣú kí omi tó dé. Síbẹ̀ mo sọ fún un pé tí oòrùn bá ti fara kan àwọn òkè tó wà lọ́hùn-ún, kó máa bọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, èmi kọ́ ni ẹ máa wá lónìí."

Oòrùn fara kan òkè. Kíkẹ́ kò bọ̀. Oòrùn wọ̀, ojú ọ̀run sì yọ àwọ̀ kan bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n, mo ń rí aṣọ òtútù pupa rẹ̀ níbi tó tẹ̀ ba kámẹ́rà. Èmi náà ń yà. Atẹ́gùn ti yí padà, ó ń fẹ́ láti gúúsù, èyí tó máa ń ti omi òkun wọlé ṣáájú àsìkò. Mo rí i pé ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò ní àwọ̀ ilẹ̀, ó di fàdákà. Mo yà á lẹ́ẹ̀mejì nítorí ó rẹwà. Omi ni fàdákà yẹn, Babáwálé. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ẹlòmíràn láti mọ̀ ọ́n nínú àwòrán!

Mo pariwo pé kó máa bọ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi pé òun ti gbọ́. Bó ṣe ń tú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ni kùrukùru dìde. Ti ibí kì í ti òkè wá, inú omi ló ti ń jáde bí ooru ìkòkò tó ń hó. Ó dé orúnkún rẹ̀, ó dé àyà rẹ̀, ó bo aṣọ pupa yẹn, mi ò sì rí nǹkan kan mọ́ àfi funfun.

Mo pè é. "Kíkẹ́!" Kò dáhùn. "Kíkẹ́ o! Kíkẹ́ ooo!" Mo gbọ́ omi tó ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín koríko. Mo gbọ́ pẹ́pẹ́yẹ. Mi ò gbọ́ ènìyàn. Mo sáré lọ sápá kan argine, mo pè é, mo sáré padà, mo tún pè é, títí ohùn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Bàbá apẹja kan tí wọ́n ń pè ní Bepi, tó ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbọ́ ariwo mi, ó sì wá. Ó bi mí pé, "Signora, ṣé etí rẹ̀ di ni?" Mo ní rárá, etí rẹ̀ là ju tèmi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ọkọ̀ wọlé lọ wá a. Ó wo kùrukùru yẹn pẹ́, ó sì mi orí. Ó ní odò jíjìn kan wà lápá òsì tó ń fa omi lágbára, ẹrẹ̀ tó ń gbé ènìyàn mì wà lápá ọ̀tún, òun kò sì rí iwájú ọkọ̀ òun. "Tí mo bá ṣìnà, ènìyàn méjì lẹ máa wá. Ẹ jẹ́ kó fọhùn. Ohùn kan péré, màá bá a lọ." Ó ti mú ọ̀pá ìtukọ̀ rẹ̀ dání bó ṣe ń sọ ọ́. Omi oṣù kọkànlá ni, o mọ ohun tí òtútù rẹ̀ lè ṣe fún ènìyàn.

Mo tún fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan gba ọkàn mi bí ẹni pé wọ́n gbá mi létí. Rántí ohun tí Màmá Àgbà kọ́ wa. Tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ nírọ̀lẹ́, tí o kò rí ojú ẹni tó ń pè ọ́, má jẹ́. Ìwọ ni o kọ́kọ́ máa ń yọjú lójú fèrèsé kí o tó dá Bàbá lóhùn, tí wọ́n fi ń sọ pé, "Ṣé èmi lo sọ di iwin nínú ilé ara mi?" Ìyá àgbà ní Òkè-Ihò ló tọ́ Kíkẹ́. Kíkẹ́ ń gbọ́ mi. Láti ìgbà tí kùrukùru ti bò ó ló ti ń gbọ́ mi, bí mo sì ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan tó ni ẹ̀rù ń bà á tó.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Tí mo bá pariwo pé "èmi ni o," ohun tí iwin náà máa sọ nìyẹn. Mo ní láti sọ ohun tí iwin kò lè mọ̀. Mo fa èémí, mo sì fi gbogbo ohùn tó kù jágbe: "Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Ta ló kó pọ̀nmọ́ mi jẹ nínú fíríìjì? Pọ̀nmọ́ tí mo rà lọ́wọ́ Sìkírátù!"

Mo tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti inú funfun yẹn lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín: "Àǹtí, ẹyọ kan péré ni!"

Bepi ti wọ ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ!" Ni àwa méjèèjì bá ń bára wa jà nítorí pọ̀nmọ́ lójú omi, tí bàbá arúgbó yẹn ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ síbi ohùn. Mo ní, "Irọ́ lò ń pa, mẹ́ta ni!" Ó ní, "Méjì ni, Àǹtí! Ẹ bi Sìkírátù!" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Àǹtí, omi ti dé ìbàdí mi." Mo fẹ́ bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n tí mo bá sunkún, òun náà á sunkún, ẹni tó ń sunkún kì í pariwo síta. Mo ní, "Méjì àbí mẹ́ta?" Kò dáhùn. Mo tún bi í, kò dáhùn. Mo ń gbọ́ ọ̀pá Bepi tó ń kan omi, kò sí ohun mìíràn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò mọ̀ pé mo ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó wá ké jáde pé, "Mẹ́ta ni, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́!" Kò pẹ́ ni Bepi kígbe: "Presa!" Ó ti rí i mú.

Ètè rẹ̀ ti yí dúdú nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tó ru omi láti odò. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Bepi bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀ fún un, ó bi mí pé kí ni a ń pariwo sí ara wa. Mo ní awọ màlúù ni. Kò bi mí ní ohun mìíràn mọ́.

Nígbà tí eyín rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́, ó ṣàlàyé. Ó ní, "Ohùn yín ń wá láti apá odò jíjìn, mo sì mọ̀ pé ẹ ò sí níbẹ̀. Mo ní ohun kan ló ń fi ohùn yín pè mí lọ." Òótọ́ ló sọ. Mo ti padà lọ wo ibẹ̀: argine yẹn tẹ̀ kọdọrọ, ó ń gba ohùn, ó sì ń jù ú sápá kejì, èrò mi sì ni pé ìyẹn ló ṣẹlẹ̀. Ká ní ó tẹ̀ lé ìpè mi, inú odò jíjìn ló máa rìn sí. Ẹ̀kọ́ ìyá àgbà ló mú un kúrò lọ́nà odò, òun náà ló fẹ́ pa á síbi tó dúró sí. Mi ò lè fi ọwọ́ kan gba èyí kí n fi èkejì sọ ìyẹn nù. Mo bi í pé kí ló mú un gbà pé èmi ni. Ó ní, "Àǹtí, iwin wo ló ń ka pọ̀nmọ́?"

Ibà mú un di ọjọ́ kejì, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Fíìmù rẹ̀ kò rin. Mo fi ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ sínú àpòòwé yìí: tí kùrukùru bá wà ní Sátidé, má kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbì kankan, lo èyí fún kàlẹ́ńdà. Ó ní kí ẹ kọ orúkọ òun sábẹ́ rẹ̀ o.

Kí Olúwa pa ìwọ àti ilé rẹ mọ́. Kí ẹsẹ̀ rẹ máa bá ilẹ̀ líle níbikíbi tí o bá tẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ, gbogbo wọn lo máa kó lọ, gbogbo wọn lo máa kó bọ̀, lórúkọ Jésù.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Àrínọlá.

Àfikún: Kí Sátidé tó dé, ra fèrè rẹfirí fún olúkúlùkù yín, kí ẹ so ó mọ́ ọrùn, kí ẹ sì fi kọ́ra nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí "níbo lo wà?" Ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí "mo wà níbí." Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀kan, kó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kó dúró sójú kan, kó má ṣe rìn lọ bá ìró náà, kó máa fọn ọ́n títí wọ́n á fi fọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ.