Gààrí Tí Ajọ̀ Kò Lè Sọ Di Mímọ́

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Kẹta,
                                        Raji Rasaki Estate,
                                        Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, 2025.

Gbémi, ìyá Richard, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni Ṣàgámù? Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Richard ńkọ́, ṣé ilé ìwé tuntun ti mọ́ ọn lára? Ẹ̀yìn tó ń dun Dádì Richard ńkọ́? Ní tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ ìwé yìí.

Nígbà tí mo rántí gààrí tí o rà lọ́wọ́ mi kí ẹ tó kó lọ, mo ní kí Mikail ọkọ mi pè ọ́ pé kí o dà á nù. Ó ní ńṣe ni o rẹ́rìn-ín. O ní o ti jọ̀ ọ́, pé bí èyí tó wà nílẹ̀ bá tán, ẹ óò máa rẹ ẹ́ mu. Inú bí mi, àmọ́ èmi náà ni mo kọ́ ọ ní irú ìwà yẹn. Jọ̀wọ́, ka ìwé yìí tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, ara mi gbóná. Ṣé o mọ̀ mí, mo gba oògùn ibà ní kẹ́mísìtì, mo fi àgbo ìyá Mikail lé e. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọ̀fun ń dùn mí débi pé itọ́ kò ṣeé gbé mì, àyà ń dùn mí, mo sì ń bì. Mikail bá gbé mi lọ sí ọsibítù.

Ibẹ̀ ni mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Dókítà bi mí bóyá eku máa ń dé ibi tí mò ń kó oúnjẹ sí. Àǹtí Beatrice, nọ́ọ̀sì tó ń gbé àdúgbò wa, oníbàárà mi pàtàkì, ló dúró tì í. Ẹni tó ń ta oúnjẹ kì í jẹ́wọ́ eku, ìwọ náà mọ̀. Mo ní, "Ká má rí i, dókítà! Ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ tónítóní." Ni wọ́n bá ń tọ́jú ibà lásán fún ọjọ́ méjì gbáko. Ètè la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní eèrìgì mi, ojú mi wú. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo pe Àǹtí Beatrice, mo jẹ́wọ́ pé eku ń rìn lórí gààrí mi, pé bí mo bá rí ìgbẹ́ wọn, màá jọ̀ ọ́, màá tà á, màá sì rẹ èyí tó bá ṣẹ́ kù mu. Mo rò pé yóò bú mi. Ó kàn ní, "Raodah, o ò bá ti tètè sọ," ó sì sáré lọ pe dókítà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ibà Lásà ni.

Wọ́n gbé mi sí yàrá ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń kó àwọn tó ní àrùn náà sí. Àwọn tó ń tọ́jú mi wọ aṣọ tó bò wọ́n látòkè délẹ̀, oògùn sì ń gba iṣan wọ ara mi fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bọ̀dá Akínfẹ́nwá, tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní Trade Fair, wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá délé, bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò lòun yóò fi máa dé ìkòkò ọbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù nílé kí wọ́n tó gbé e wá. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Mo sunkún, mo sì pinnu pé èmi kò ní kú. Bí omi ṣe ń ta mí lọ́fun tó, mò ń gbé e mì.

Mo yè bọ́, àmọ́ etí mi méjèèjì ti di. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé fóònù rẹ. Dókítà ní ti àwọn kan máa ń ṣí padà, ti àwọn mìíràn kì í ṣí. Wọ́n ṣọ́ Mikail, ọmọ mi àti Àǹtí Beatrice fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, Ọlọ́run kò jẹ́ kó mú wọn. Mo ti ní kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ra gààrí mi dà á nù. Àwọn kan ti ń gba ọ̀nà ibòmíràn kọjá. Kò burú. Mo ti ra ike ńlá tó ní ìdérí, màá tún ṣọ́ọ̀bù náà ṣí.

Gbémi, ìtọ̀ eku kì í dúró sínú ajọ̀. Fi ọ̀rá bọ ọwọ́, bo imú, kí o ri gààrí náà mọ́lẹ̀ jìnnà. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú yín bá gbóná, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́ fún dókítà.

Mikail ní kí n kí ọ. Bá mi kí Dádì Richard dáadáa.

Lánàá, Hidaayah ọmọ mi pe "Mọ́mì" fún ìgbà àkọ́kọ́. Mikail ló kọ ọ́ síwèé fún mi. Mo gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Richard yóò pè ọ́ lónìí, ìwọ yóò sì gbọ́. Lọ da gààrí náà nù kí o tó dá a lóhùn.

Èmi ni tìrẹ nínú òótọ́,

Raodah.