Ìfẹ́táyọ̀ Fi Ẹnu Ara Rẹ̀ Sọ Ọ́

Nichelino,
Torino,
Italy.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àárò wa. Mo gbàgbọ́ pé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀, tí ooru Ìjẹ̀bú-Òde ò sì dà yín láàmú jù. Àlàáfíà ni èmi àti Olúwabùkọ́lá ọmọ-ọmọ yín wà. Òtútù nìkan ló ń bá wa fínra. Ẹ bá mi yọ̀, ìwé tí mo kọ ti jáde!

Ṣé ẹ rántí Ìfẹ́táyọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Marghera níbí? Òun ni ọ̀gá rẹ̀ pè ní ọ̀bọ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Nígbà tó fẹjọ́ sùn, wọ́n ní àwàdà ni. Kò gbà. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù, ó sì jàre. Ìtàn rẹ̀ àti ti àwọn obìnrin dúdú mìíràn, láti Brescia títí dé Torino, ni mo kó sínú ìwé náà.

Ilé ìtẹ̀wé tí mo kọ́kọ́ mú un lọ fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ yọ orúkọ àwọn obìnrin náà, kí wọ́n máa kọ “una nigeriana”, ìyẹn “obìnrin Nàìjíríà kan”, kí ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan sì wá máa sọ̀rọ̀ nípò wọn. Mo sọ fún Ìfẹ́táyọ̀. Ó ní, “Àǹtí Dùntán, orúkọ tí bàbá mi sọ mí kì í ṣe ẹ̀gbin. Bí wọn ò bá lè kọ ọ́, kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi.”

Mo kó ìwé mi kúrò níbẹ̀. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi délé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó pàdé Giulia, obìnrin kan tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré ní Padova. Ó gbà á bó ṣe wà, pẹ̀lú orúkọ gbogbo wọn, tàmì-tohùn.

Àná, ọjọ́ àwọn obìnrin, la ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé náà ní Padova. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ni wọ́n pè láti sọ̀rọ̀. Ìfẹ́táyọ̀ ni mo gbé máìkì fún. Ó bẹ̀rẹ̀ ní èdè Italy, ló bá yí i sí Yorùbá. Àfi bí Olúwabùkọ́lá, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn nílé, ṣe dìde tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́!

Ọkùnrin kan bi Ìfẹ́táyọ̀ pé kí ni káwọn ṣe fún un. Ó ní, “Ẹ má ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ti ẹni tó kàn.” Kò sí ẹni tó kàn nínú ètò wa, Màmá. Ṣùgbọ́n obìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti tò dé ẹnu ọ̀nà, oníkálukú fẹ́ sọ tirẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ẹ fi ọwọ́ yín jẹ èrè gbogbo wa.

Èmi ni ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Adédùntán.

Àfikún: Àwọn ará Brescia ti ní ká wá. Ìfẹ́táyọ̀ ní òun máa lọ, àmọ́ kí n má sọ̀rọ̀ jù, kí àyè lè gba òun.