Mọ́tò Tí Mo Fẹ́ Kó Dákẹ́

Sí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ní agbo ilé wa, Ọ̀fà.

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí kí n tó mú bírò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún òsì kì í jẹ́ kí n pẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Mo kí gbogbo ọkọ mi, àgbà àti ọmọdé. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, pàápàá àwọn tó ń sọ pé mo sàba lé Baba Sùnbọ̀ lórí ní Kàdúná bí adìyẹ, tí n kò jẹ́ kó wálé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo gbọ́.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́rin ìgbà tiwa ju ìwé mẹ́wàá ìsinsìnyí lọ. Sùnbọ̀ ọmọ wa ní kí n sọ ọ́ sínú fóònù kí òun bá mi tẹ̀ ẹ́, mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn wọn tọ̀sẹ̀ yìí kí gbogbo ojú rí i, torí ohun tí mo fẹ́ tọrọ kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe fún mi. Gbogbo agbo ilé ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ ti gbọ́ pé àrùn rọpárọsẹ̀ mú Àkànmú yín, Baba Sùnbọ̀, lápá òsì. Ohun tí n kò sọ fún yín ni ohun tí àrùn náà fi orí rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ agbára rẹ̀ dúró láàárín ẹ̀rọ ìhunṣọ ní Kudenda, tó jẹ́ pé igbe ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé torí etí rẹ̀ ti mọ́ ariwo, òun ni kò lè fara da kí ṣíbí já bọ́ sílẹ̀ mọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀, á fi ọwọ́ ọ̀tún tó kù fún un di orí mú, omi á sì máa ṣàn lójú rẹ̀. Dókítà ní ó máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àìsàn yẹn, pé kí n wá ìdákẹ́jẹ́ fún un. Ìdákẹ́jẹ́ ní Nasarawa, àdúgbò wa yìí. Níbi tí ẹni tó ń lọ ata wà lọ́tùn-ún mi, tí ẹni tó ń lọ irin wà lósì, tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin sì wà lójú títì kan.

Àwọn obìnrin ìjọ wa wá gbàdúrà fún un. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì gba àdúrà náà bí a ṣe ń gbà á, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n máa lọ. N kò fi ẹnu dídùn sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, àga tí wọ́n máa ń jókòó lé ti di ibi tí mo ń ká aṣọ sí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, èmi ni, òun ni. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gé fóòmù, mo rán tìmùtìmù, mo padà wálé. Ó ti rẹ̀ mí, ìyá mi. N kò lè purọ́ fún yín.

Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè láràárọ̀: ẹ̀yin. Ó mọ̀ pé ẹ ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, pé ẹ kò lè wọ mọ́tò wá bá òun. Ó mọ̀ pé ẹ̀yìn yín lòun wà nígbà tí ìyá yín kú. Ó ní òun fẹ́ fojú rí yín kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì tó lọ. N kò sàba lé e. Òun ló fẹ́ wá, èmi ni mo sì ń gbé e bọ̀.

Ẹ rántí ìgbà ọyẹ́ tí ẹ ṣebẹ̀ dè wá, tí ilẹ̀ ṣú, tí a kò dé. Mo sọ fún yín lórí fóònù pé mọ́tò bàjẹ́. Irọ́ ni. A gbéra ní tòótọ́, nínú Pijó rẹ̀, pẹ̀lú dírẹ́bà tí mo háyà. A kò tíì jìnnà sí ìlú tí irin abẹ́ ẹsẹ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, tí àwọn ilẹ̀kùn ń gbọ̀n, tí táyà ń ké lórí ọ̀dà. Baba Sùnbọ̀ fi orí lu gíláàsì. Ó tún lù ú. Mo ní kí dírẹ́bà yí padà. Ẹ bínú sí mi lọ́jọ́ náà, èmi náà sì bínú, mo pa fóònù mọ́ yín lẹ́nu. Ọjọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọkọ mi, n kò sùn dáadáa.

Ẹnìkan ní kí n gbé e wọ bàálù. Ẹni náà kò tíì gbọ́ bí bàálù ṣe ń ké.

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, Bitrus lorúkọ rẹ̀, ọmọ Gbàgí ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa na ara mọ́tò tó bá kọlù nǹkan. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ máa ń bú ara wa ní èdè Hausa láàárọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè lọ déédéé. Mo rojọ́ fún un. Ó lọ sídìí Pijó, ó fi ìkúùkù kan ilẹ̀kùn, ó dún gbàn-án. Ó ní ṣé mo gbọ́, ó ní irin tó bá fẹ́lẹ́ tó sì ń gbọ̀n ló ń ké. Kì í ṣe kí n fi fóòmù kún inú rẹ̀, kí n fún irin náà ní ẹrù rù ni. Ó ní ohun kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mo sọ fún Sùnbọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi fi páálí kan ránṣẹ́ láti Èkó: abala dúdú tó wúwo, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, tí ojú rẹ̀ kejì ń dán bíi bébà inú sìgá. Ó tún pè mí, ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́.

Ọmọ tí mo bí. Èmi tí mo ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ fóòmù kí n tó lóyún rẹ̀. Mo gbé páálí náà sábẹ́ ibùsùn. Mo lọ bá àwọn bíríkìlà ní Ungwan Boro, mo gba ọ̀dà tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí dẹ́kì kí òjò má baà jò. Mo ní ọ̀dà lọ̀dà ń jẹ́. Ó dúdú, ó wúwo, ó ń lẹ̀; kí ló tún kù.

Mo tú àga, mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo yọ páálí tó bo inú ilẹ̀kùn. Mo gbé ọ̀dà náà lé iná títí ó fi rọ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ látilẹ̀ dókè. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, mo rí àwọn ihò kéékèèké, mo sì dí wọn pa, torí ihò ni ariwo ń gbà wọlé. Bitrus dúró lẹ́yìn mi. "Mama, ba haka ba ne," ìyẹn ni pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ihò yẹn ni omi òjò ń gbà jáde, pé tí mo bá dí i, ẹja ni màá máa sìn nínú ilẹ̀kùn. Mo ní kó lọ na irin rẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò, omi ń dún nínú rẹ̀ bí omi inú agbè. Bitrus kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè pé ẹja àrọ̀ tèmi ti tó títà àbí kò tíì tó. Oòrùn wá yọ, oòrùn wa níbí tí ẹ kò mọ irú rẹ̀, ọ̀dà orí dẹ́kì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó ṣàn sórí irin tó ń gbé gíláàsì sókè, gíláàsì há. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ojúlé. Mo gbé Baba Sùnbọ̀ sínú mọ́tò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ó bì sórí ẹsẹ̀ mi. Ó wo ojú mi. Ó sàn kó bú mi.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń họ ọ̀dà yẹn. Ọ̀bẹ, kẹrosíìnì, àkísà. Mo dùbúlẹ̀ sínú mọ́tò bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù, èémí kẹrosíìnì ń kọ́ mi láyà, èékánná mi dúdú títí wọ́n fi ń wò mí ní ibi oúnjẹ Olúwa. Àárẹ̀ tó mú mi kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo fa páálí Sùnbọ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo pè é, mo ní kó tún ohun tó sọ sọ. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìwà yẹn nígbà tó gbé ọ̀dọ̀ yín, kì í ṣe èmi.

Eléyìí kò fẹ́ iná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi pẹtiróòlù nu irin kí ọ̀rá kankan má kù síbẹ̀. Mo fi síṣọ́ọ̀sì gé abala náà, mo bó bébà ẹ̀yìn rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́, mo wá fi igi tí mo fi ń yí ìyẹ̀fun ìpápánu tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú, torí bí afẹ́fẹ́ bá kù lábẹ́ rẹ̀, òfo ni. Mo fi àwọn ihò ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bitrus rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn náà ni mo wá tẹ́ fóòmù tèmi sórí rẹ̀ kí n tó dá kápẹ́ẹ̀tì padà. Nígbà tí mo parí ilẹ̀kùn kìíní, mo fi ìkúùkù kàn án. Kò dún gbàn-án mọ́. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá gbá ìrọ̀rí. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo mu omi.

Ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, a gbé Baba Sùnbọ̀ sí ẹ̀yìn, mo jókòó tì í, Bitrus wa ọkọ̀. A gba ojú títì, a kọrí sí Ungwan Boro, ibi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Mo ń retí kó gbé e sórí. Ọwọ́ náà wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi.

"Ìyá Sùnbọ̀, ṣé a ò tíì gbéra ni?"

A ti dé Ungwan Boro nígbà náà.

Ó yẹ kí n yọ̀, mo sì yọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe yẹn, mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ń súfèé láyà, á lọ, á dúró, á sì pẹ́ kó tó padà. Èémí yẹn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ibùsùn láti ìgbà tí n kò mọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ata ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Bitrus náà gbọ́. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Mama, mu tafi da wuri," pé ká tètè lọ. Ó ní òun ló máa wà wá dé Ọ̀fà, òun tí kò tíì sọdá odò Ọya rí láyé rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó gbéra, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ohun tí mo wá tọrọ nìyí. N kì í bẹ̀bẹ̀, ẹ mọ̀ mí. Mo ń bẹ̀ yín.

Mo mọ ilé wa. Bí ọmọ ilé bá ti àjò dé, ẹnu ọ̀nà la ti ń figbe pàdé rẹ̀. Èmi gan-an ti ké rí ní agbo ilé yẹn títí ohùn mi fi há. Wọn á sáré jáde, wọn á rọ̀ mọ́ mọ́tò, àwọn ìyàwó ilé á máa ki oríkì rẹ̀ lóhùn òkè, ẹni tó bá rí bí apá rẹ̀ ṣe rọ á bú sẹ́kún. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà á sì pa á. Mo ti lẹ ilẹ̀ mọ́tò, mo lẹ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè lẹ̀ mọ́ ara ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí a pa jẹnẹrétọ̀. Kí a kó àwọn ọmọdé lọ sí oko. Ẹni tí ẹkún bá ń gbọ̀n, kó gba ẹ̀yìnkùnlé lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bú mi, kó bú mi lọ́jọ́ kejì, mo wà níbẹ̀, n kò ní sá. Kí ẹ̀yin nìkan jáde, ìyá mi, pẹ̀lú ọ̀pá yín. Èmi yóò sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó bọ́ sí ipò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Ẹ wá kì í jẹ́jẹ́, bí ẹ ṣe máa ń kì í nígbà tí ẹ fi ń pọ̀n ọ́n. Àwa tó wà níta kò ní gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ. Mo ti rí sí ìyẹn.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí títí a ó fi dé. Kí ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó wà nílé má ṣe kọ, kí ọ̀nà má ṣe dí mọ́ àwa tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Mọ́gàjí, ẹ kí àwọn ọkọ mi kéékèèké, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé pẹ̀lú gbogbo ẹnu wọn. Baba Sùnbọ̀ ní kí n kí yín, ó ní òun ń bọ̀.

Èmi ni ìyàwó yín, ọmọ yín,

Ìyá Sùnbọ̀,
Nasarawa, Kàdúná.